Láti Ọlọ́runṣògo Dé Campos: Ṣé Ogún Wa Ni Tábà?

Ọ̀rọ̀ tábà la fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, ṣùgbọ́n ìrìn àjò ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, torí ibi tí ewé yìí ti wá jìnnà ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ.

Orúkọ Ọlọ́runṣògo pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Èyí tí mo ń sọ ni ti ẹ̀bá Ìbàdàn, níbi tí ilé búlọ́ọ̀kù àti oko ẹ̀gẹ́ ti ń bá ara wọn du ilẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta sìgá ńlá tí àwọn olówó ń mu, èyí tí wọ́n fi odidi ewé tábà wé, kò lè rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tábà fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ẹ ti máa ra búrẹ́dì àti súgà, ẹ óò rí páálí sìgá lórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìtì àwọn ọmọdé. Ọlọ́kadà kan á dúró, á ra ẹyọ kan, á fi láítà tí wọ́n so mọ́ fèrèsé tan án, á sì bá tirẹ̀ lọ. Tó bá dọjọ́ ọjà, ẹ óò rí ìyá aláṣáà pẹ̀lú agolo rẹ̀, ewé tábà gbígbẹ tó dì ní ìdì ìdì, kán-ún, àti ọlọ tó fi ń lọ̀ ọ́.

Màmá àgbà kan tí mo máa ń bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ládùúgbò yẹn sọ fún mi pé, "Nọ́ọ̀sì, èmi ò mu sìgá o. Aáṣáà lásán ni mò ń fi sẹ́nu. Ti ìbílẹ̀ wa ni, àwọn bàbá wa ló fi lé wa lọ́wọ́. Kò ní èéfín, kí ló fẹ́ fi èèyàn ṣe?"

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ohun tí màmá sọ. Èkíní ni pé ogún ìbílẹ̀ wa ni tábà. Èkejì ni pé èyí tí kò bá ti ní èéfín kò léwu. Mo mọ̀ pé kì í ṣe màmá yìí nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká tọ ọ̀rọ̀ méjèèjì dé ìdí. Èkíní gbé mi dé Èkó. Èkejì, iṣẹ́ tí mo kọ́ ni.

Níbo ni tábà ti wá?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1492, Christopher Columbus rán ọkùnrin méjì wọ inú erékùṣù Kúbà lọ. Rodrigo de Jerez ni ọ̀kan ń jẹ́, Luis de Torres ni èkejì. Wọ́n rí àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, àwọn Taíno, tí wọ́n ká ewé gbígbẹ, tí wọ́n tiná bọ̀ ọ́ lórí, tí wọ́n sì ń fa èéfín rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú ará Yúróòpù máa rí irú rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé tábà ti hù wá. Kí ọdún yẹn tó dé, kò sí ẹni tó gbìn ín nílẹ̀ Yorùbá, kò sì sí ìyá kankan tó lọ aáṣáà. Orúkọ tí à ń pe sìgá gan-an, àlejò ni. Àwọn ará Sípéènì ń pè é ní cigarro, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di cigar, àwa náà sọ ọ́ di sìgá, a wá fi orúkọ náà pe èyí tí wọ́n fi pépà wé.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ọkọ̀ òkun àwọn ará Yúróòpù ló gbé e wá, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tó ṣe é jù lọ. Ní Bàhíà, lórílẹ̀-èdè Bùràsíl, wọ́n ń gbin tábà púpọ̀. Èyí tó dára, wọ́n á kó o lọ sí Yúróòpù. Èyí tí kò dára tó, wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á fi omi dúdú tó ń ṣẹ́ kù lára súgà ìrèké kùn ún, wọ́n á wá kó o wá sí etí òkun wa: Ouidah, Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì, àti Èkó. Àwọn tó ń ṣòwò ẹrú níbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nítorí adùn ìrèké yẹn. Ohun tí wọ́n sì ń fi í rà ni èèyàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí yìí. Ewé tí a ń pè ní ogún bàbá wa, òun gan-an wà lára owó tí wọ́n fi ra àwọn bàbá wa. Ẹ̀dínwó ọjà tí àwọn Potogí ò fẹ́ fún ará ilé wọn ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n kó àwọn èèyàn wa tó pọ̀ gan-an lọ sí Kúbà láti lọ ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé láti inú "olùkù mi", tó túmọ̀ sí ọ̀rẹ́ mi, ni orúkọ náà ti wá. Ọdún 1886 ni ìsìnrú tó dópin pátápátá ní Kúbà. Ṣùgbọ́n kí ọdún yẹn tó pé, àwọn Lukumí kan ti ṣiṣẹ́, wọ́n ti tọ́jú owó, wọ́n ti ra ara wọn padà, wọ́n sì ti wá ọkọ̀ padà sílé. Èkó ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Ìdí tí mo fi gba Èkó lọ nìyẹn.

Ohun tí mo rí ní Campos

Mo wọ ọkọ̀ n'Íbàdàn, mo bọ́ sílẹ̀ ní Berger, mo tún wọ òmíràn dé Ọbáléndé, mo wá fẹsẹ̀ rìn wọ inú Ìsàlẹ̀ Èkó lọ. Pópó Àgùdà ni wọ́n ń pe àdúgbò tí àwọn tó ti òkè òkun dé tẹ̀dó sí. Àwọn ará Bùràsíl ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ará Kúbà náà wà láàrin wọn. Campos Square tí gbogbo ará Èkó mọ̀, orúkọ Hilario Campos tí ìdílé rẹ̀ ti Kúbà dé ni wọ́n fi sọ ọ́. Ojúlé kan wà nítòsí ibẹ̀ tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀. Orúkọ yẹn ti sọ ìtàn ara rẹ̀.

Ẹ óò rí àwọn ilé àtijọ́ díẹ̀ níbẹ̀ tí ojú fèrèsé wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ya òdòdó sí wọn lára. Àwọn ilé alájà tuntun ti fẹ́ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti lọ. Ilé tí ìdílé Fernandez kọ́ ní Tinúbú, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ilọ́jọ Bar, tí ìjọba ti kà mọ́ àwọn ilé àjogúnbá orílẹ̀-èdè yìí láti ọdún 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ẹni tó bá fẹ́ fi àwọn ilé yìí han ọmọ rẹ̀, kó tètè lọ.

Mo wo gbogbo ọ̀nà bóyá mo lè rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta sìgá ńlá ti Kúbà. Kò sí. Ohun tí mo rí ni ti Ọlọ́runṣògo náà: mọ́lámọ́là tó gbé àtẹ, obì, súìtì, tọ́ọ̀mù, àti ẹyọ sìgá. Bàbá àgbà kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo béèrè. Ó ní, "Ìyáàfin, àwọn tó bí wa ò gbé sìgá dání wá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbé wá, àti frejon."

Òótọ́ lọ̀rọ̀ bàbá. Àwọn tó ti òkè òkun dé yìí, bírikìlà, káfíńtà, télọ̀ àti aláṣè ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó lẹ́wà l'Ékòó ayé àtijọ́. Mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, ọ̀kan lára wọn ló kọ́ ọ. Títí dòní, tó bá di ìgbà ọdún, àwọn ọ̀dọ́ Campos àti àwọn àdúgbò tó yí i ká máa ń jó Fàǹtí lójú títì, pẹ̀lú aṣọ aláràbarà. Ọjọ́ Jímọ̀ Rere ni wọ́n sì máa ń se frejon. Gbogbo ìwọ̀nyí la lè pè ní ogún.

Sìgá ní Kúbà àti ní Miami

Ẹni tó bá fẹ́ rí ṣọ́ọ̀bù sìgá Kúbà gidi, àfi kó rékọjá òkun. Ní ìlú Havana, iṣẹ́ ọwọ́ pàtàkì ni wíwé sìgá. Òṣìṣẹ́ á jókòó ti tábìlì, á kó ewé tó yàtọ̀ síra jọ, á fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan gé e, á sì fi ọwọ́ lásán wé e títí tó fi máa dọ́gba. Láti ọdún 1865 ni wọ́n ti ń yan ẹnì kan tí yóò máa jókòó síbi gíga, tí yóò máa ka ìwé ìròyìn àti ìwé ìtàn sí àwọn tó ń wé sìgá létí. Ìwé ìtàn Alexandre Dumas kan dùn mọ́ wọn débi pé orúkọ rẹ̀ ló di orúkọ sìgá Montecristo.

Lẹ́yìn tí Fidel Castro gba ìjọba ní ọdún 1959, ọ̀pọ̀ ará Kúbà sá lọ sí Miami, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ àdúgbò kan níbẹ̀ di ti ara wọn. Little Havana ni wọ́n ń pè é, òpópónà rẹ̀ tó lókìkí jù sì ni Calle Ocho. Ṣọ́ọ̀bù sìgá wà níbẹ̀ tí ẹ ti máa rí àwọn tó ń wé e lójú yín, àwọn bàbá arúgbó á sì máa ta dóménò ní pápá kékeré kan nítòsí. Ṣùgbọ́n nítorí òfin tí Ààrẹ Kennedy ṣe ní ọdún 1962 láti dá òwò dúró láàrin Amẹ́ríkà àti Kúbà, tábà tí wọ́n ń wé níbẹ̀, láti Nicaragua, Honduras àti Dominican Republic ló ti ń wá.

Ohun tí ó máa ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu ni àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn tó wà ládùúgbò irú bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní botánica. Ewé àti egbò, ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun, nǹkan Ṣàngó àti ti Yemọja ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Elégbára tiwa, tí wọ́n ń pè ní Eleguá, sìgá ńlá àti ọtí ni wọ́n fi ń bọ ọ́. Wọ́n mú òrìṣà láti ilé, wọ́n sì bá tábà lọ́hùn-ún. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ tábà di ohun tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ.

Kí n má gbàgbé: Fidel Castro tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ sìgá ńlá lẹ́nu, ó jáwọ́ nínú rẹ̀ ní ọdún 1985, kó lè jẹ́ àpẹẹrẹ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ nítorí ìlera. Ẹni tó ń ta sìgá fún gbogbo ayé ló ní òun ò mu mọ́.

Ṣé lóòótọ́ ni pé èyí tí kò léèéfín kò léwu?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ màmá Ọlọ́runṣògo. Àwọn tó ń mu sìgá ńlá máa ń sọ pé àwọn kì í gbé èéfín náà mì, pé ẹnu làwọn ń fi í sí, àwọn á sì tú u dànù. Ọ̀rọ̀ wọn àti ti màmá jọra. Ìdáhùn kan náà ló sì bá àwọn méjèèjì.

Nicotine ni orúkọ oògùn inú tábà tó máa ń mú kó di bárakú. Ara inú ẹnu wa fẹ́lẹ́ gan-an, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Èéfín sìgá ńlá ní agbára kan bíi ti eérú, tó ń jẹ́ kí nicotine gba inú ẹnu wọ ẹ̀jẹ̀ lọ láìdé ẹ̀dọ̀fóró. Kán-ún tí ìyá aláṣáà ń lọ̀ mọ́ tábà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé kété tí ẹ bá fi aáṣáà sẹ́nu ni ojú yín máa ń là. Kì í ṣe okun ni ó fún yín. Ọkàn yín ló ń sáré, ẹ̀jẹ̀ yín ló ń ru. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀, tó tún ń fi aáṣáà sẹ́nu lọ́sàn-án, ńṣe ló ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́lé, tó ń fi ọwọ́ òsì wó o.

Ẹyọ sìgá ńlá kan ṣoṣo lè ní tábà tó tó ti odindi páálí sìgá kan. Ó máa ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹnu, ti ọ̀fun àti ti ẹ̀dọ̀fóró. Aáṣáà tí à ń fi sẹ́nu náà máa ń fa jẹjẹrẹ ẹnu àti ti ọ̀nà oúnjẹ. Aboyún tó bá ń lò ó lè bí òkú ọmọ, tàbí kó bímọ ṣáájú oṣù rẹ̀, tàbí kí ọmọ náà kéré jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé àwọn tí tábà ń pa lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù 7, àwọn tí kò mu ún rárá, tí wọ́n kàn ń fa èéfín ẹlòmíràn símú, sì wà lára wọn.

Àwọn kan máa ń fi aáṣáà sí eyín tó ń dùn wọ́n. Ó lè jẹ́ kí ìrora náà dákẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n eyín náà ń jẹrà lọ lábẹ́lẹ̀, ẹ̀bátí yín sì ń gba májèlé.

Ilé la ti ń ṣe é

A ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Láti ọdún 1937 ni ilé iṣẹ́ sìgá ti wà n'Íbàdàn. British American Tobacco sì ṣí tuntun síbẹ̀ ní ọdún 2003. Àwọn àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn àti agbègbè rẹ̀ ti gbin tábà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ti fi owó rẹ̀ rán ọmọ nílé ìwé. Èmi kì í bú ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ tó ń já ewé tábà mọ̀ pé tí ìrì tàbí òjò bá wà lára ewé náà, oògùn inú rẹ̀ máa ń gba awọ ara wọlé, ó sì lè fa èébì, òòyì àti orí fífọ́. Kó wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn, kó sì má ṣe kó ọmọdé lọ síbi iṣẹ́ náà.

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí tábà ní ọdún 2015 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ tà á. Òfin náà ní ẹ kò gbọdọ̀ ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin òbí, tí ẹ bá rán ọmọ ọdún 8 pé kó lọ ra sìgá tàbí aáṣáà wá, ẹ̀yin lẹ ń fi ọ̀nà ibẹ̀ hàn án. Ẹ má sì fi agolo aáṣáà síbi tí ọwọ́ ọmọ kékeré lè tó. Díẹ̀ tó bá gbé mì lè mú kó máa bì, kó sì dákú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá.

Ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí lọ́sẹ̀ yìí

Ẹ dúró síwájú dígí níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ la ẹnu yín dáadáa. Ẹ wo ibi tí ẹ máa ń fi aáṣáà sí, ẹ wo abẹ́ ahọ́n àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá rí ibi tó funfun tàbí tó pupa tí kò ṣeé nù kúrò, tàbí egbò tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kókó, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, bóyá ó ń dùn yín o, bóyá kò dùn yín. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹnu kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló sì rọrùn láti wò.

Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́, kó mú ọjọ́ kan, kó sọ fún ará ilé, kó sì kó agolo náà dànù. Kó máa rin orín, kó máa mu omi. Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Orí lè máa fọ́ yín, inú sì lè máa bí yín, ṣùgbọ́n láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó máa ń lọ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó dàgbà jù láti jáwọ́. Láàrin ogún ìṣẹ́jú tí èèyàn bá pa sìgá rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Tó bá pé ọdún kan, ewu àrùn ọkàn tó wà lórí rẹ̀ á ti dín kù tó ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún.

Tó bá jẹ́ ogún lẹ fẹ́ jẹ, ẹ jẹ́ ká jẹ èyí tí àwọn Campos gbé wá. Frejon kò ṣòro ó sè. Láti inú feijão, orúkọ ẹ̀wà lédè Potogí, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ẹ rẹ ẹ̀wà, ẹ sè é títí tó fi máa rọ̀ gan-an, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò. Ẹ rin àgbọn, ẹ fún omi rẹ̀, ẹ dà á sórí ẹ̀wà náà, kí ẹ máa rò ó lórí iná díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa ki. Wọ́n máa ń fi súgà sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó yọ súgà kúrò. Ẹni tí dókítà ti ní kó ṣọ́ra fún ọ̀rá, kó jẹ́ kí omi àgbọn rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹja àti ata díndín la fi ń jẹ ẹ́. Ẹ̀wà ń ṣe ara lóore, ó sì rọrùn fún àgbà tí eyín rẹ̀ ti ń dín kù, nítorí kò nílò jíjẹ púpọ̀.

Àwọn tó ra ara wọn padà láti oko ẹrú, tí wọ́n kọjá òkun padà sílé, mọ ohun tó yẹ kí wọ́n gbé wọnú ọkọ̀ àti ohun tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀. Màmá mi ní Ọlọ́runṣògo, ohun tí mo bá yín bọ̀ láti Campos nìyẹn. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.